Ìrọ̀rí Tó Bá Sólómọ́nì Lọ

Fìlà Sólómọ́nì ni wọ́n kọ́kọ́ rí. Ó há sáàárín òpó méjì lábẹ́ ilé rẹ̀, omi ń gbé e sókè, ó ń gbé e sílẹ̀. Orí tó ń dé fìlà náà ni ẹnikẹ́ni kò rí.

Ọ̀rọ̀ yìí kò yé ẹnikẹ́ni ní Ìrẹ́pọ̀, nítorí Sólómọ́nì kì í ṣe ẹni tó lè dìde kó rìn jáde. Láti ìgbà tí ìtì igi ti já lù ú lẹ́yìn níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ọkọ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti kú. Ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n bá gbé e kọjú sí, ibẹ̀ ni yóò wà títí ẹlòmíràn yóò fi yí i padà. Orí òpó nínú omi ni ilé rẹ̀ dúró sí, bíi gbogbo ilé ìlú náà, afárá pákó ló so ó mọ́ ilé àwọn yòókù. Ibo ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè gbà lọ, bí kò bá ṣe inú omi?

Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú nígbà tí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì gbé Sájẹ́ǹtì Kọ́lájọ dé láti Igbókọ̀dá. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni Kọ́lájọ, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí etí rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ju ẹnu rẹ̀ lọ. Ọmọ Abereke, ìlú orí omi mìíràn, ni ìyá rẹ̀, nítorí náà kò sí ẹni tó ní láti dì í lọ́wọ́ mú kó tó rìn lórí afárá tó ń yọ̀. Ó sì ti gbọ́ nípa Ìrẹ́pọ̀ pẹ́. Àwọn kan tó ti Ayétòrò wá ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó, wọ́n sì gbé ìlànà Ayétòrò síbẹ̀: ìkòkò kan, àpò kan, iṣẹ́ ọwọ́ ẹnì kan jẹ́ ti gbogbo ìjọ. Kò sí ẹni tó ń gba owó oṣù. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ a gba ìpín rẹ̀ ní oúnjẹ àti aṣọ. Ẹni tí kò bá lè ṣiṣẹ́ a gba ìpín àánú, èyí tí kò tó ti òṣìṣẹ́.

Ísákì, alábòójútó iṣẹ́ ìlú, ló wá pàdé rẹ̀ ní èbúté. Ọkùnrin gíga ni, aṣọ funfun rẹ̀ kò ní àbàwọ́n.

"Ẹ kú ewu omi, Sájẹ́ǹtì. A ti mú ẹni tó ṣe é. Ohun tó kù ni kí ẹ gbé e lọ kí ìpàdé ìrọ̀lẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ọkàn àwọn ará kò balẹ̀."

"Ẹni tó ṣe kí ni?"

"Ẹni tó pa Arákùnrin Sólómọ́nì."

"Ẹ ti rí òkú rẹ̀?"

"Gbogbo ọkọ̀ ìlú ló wà lójú omi tó ń wá a. Kò sí ẹni tó lọ sókun lónìí."

Kọ́lájọ wo ojú omi. Lóòótọ́ ni. Ọkọ̀ pọ̀ lọ rẹpẹtẹ, àwọn ọkùnrin ń fi ọ̀pá gún ìdí igi ẹgbà tó hù sínú omi, àwọn mìíràn ń fa àwọ̀n.

"Ta ni ẹni tí ẹ mú?"

"Moríkẹ́, arábìnrin kan nínú ìjọ. Òun ló ń tọ́jú rẹ̀. Lánàá, mo ní kó padà sí ilé ìhunṣọ, nítorí aṣọ kò tó fún ìjọ. Ó bi mí pé ta ni yóò máa yí Sólómọ́nì padà. Mo ní kó máa ṣe é kó tó wá síbi iṣẹ́, kó tún ṣe é tó bá padà délé. Lójú gbogbo èèyàn ló ti dáhùn pé, 'Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ó kúkú sàn kí ẹ sọ ọ́ sómi.' Ilẹ̀ mọ́, Sólómọ́nì kò sí."

Ọ̀rọ̀ burúkú ni, Kọ́lájọ sì mọ̀ pé adájọ́ kan kò ní gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kó má fi ojú burúkú wo ẹni tó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ó ti ń ṣiṣẹ́ yìí pẹ́ tó láti mọ̀ pé ẹni tí inú ń bí máa ń sọ ohun tí kò ní ṣe, ẹni tó fẹ́ ṣe é kì í sọ.

"Ẹ mú mi lọ sí ilé náà ná," ni ó wí.

*

Yàrá Sólómọ́nì kò rùn. Ohun àkọ́kọ́ tí Kọ́lájọ ṣàkíyèsí nìyẹn. Ìyá rẹ̀ àgbà dùbúlẹ̀ ní Abereke pẹ́ kó tó kú, ó sì rántí bí yàrá rẹ̀ ṣe rí. Níhìn-ín, òórùn àdí àgbọn nìkan ló wà. Okùn kan rọ̀ láti ara àjà, ẹni tó ní ọwọ́ lè fi fa ara rẹ̀ sókè díẹ̀. Ẹní wà nílẹ̀, aṣọ ìbora wà ní kíká.

Ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Omi nìkan ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, ara pákó bó bí ibi tí ọkọ̀ ti ha á, funfun igi sì hàn.

"Ìgbà wo ni omi kún jù lónìí?"

"Ní àfẹ̀mọ́júmọ́," ni ẹnì kan dáhùn láti iwájú ilé. "Nígbà tí a wà nínú ìsìn òwúrọ̀."

Pétérù ni ẹni tó dáhùn, àbúrò Sólómọ́nì tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá kan. Òun náà ló wa ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì tó gbé Kọ́lájọ dé. Kò wọlé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ló wà lórí ẹnu ọ̀nà, èkejì wà lórí afárá.

"Bí omi bá kún," ni Kọ́lájọ ń rò ó síta, "etí ọkọ̀ ọlọ́pọ́n á bá ilẹ̀ pákó yìí dọ́gba. Ẹni tó bá fẹ́ gbé e jáde kò ní láti gbé e sọ̀kalẹ̀. Yóò kàn fà á kọjá sínú ọkọ̀ ni. Fìlà bọ́ nígbà tí wọ́n ń fà á." Ó yíjú. "Pétérù, kí ló kù nínú yàrá yìí?"

Pétérù na ọrùn wo inú ilé. "Ìrọ̀rí pupa kan máa ń wà láàárín orúnkún rẹ̀. Moríkẹ́ ló rán an. N kò rí i."

"Àdí tí wọ́n fi ń pa á lára ńkọ́? Mo ń gbóòórùn rẹ̀, n kò rí ìgò rẹ̀." Kọ́lájọ kọjú sí Ísákì. "Ẹni tó bá fẹ́ ri èèyàn sómi, kí ló fẹ́ fi ìrọ̀rí ṣe?"

Ísákì kì í ṣe òmùgọ̀. "Ó lè jẹ́ pé ó fi bò ó nímú, kó tó sọ ọ́ sómi. Ó sì ní láti ju ìrọ̀rí náà nù."

"Ó lè rí bẹ́ẹ̀," ni Kọ́lájọ gbà fún un. "Ìgò àdí ńkọ́?"

Ísákì yíjú sí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó wo omi.

*

Kí wọ́n tó kúrò níbẹ̀, obìnrin kan tó ń gbé ilé kejì fa Kọ́lájọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní Pétérù kò wá sí ìsìn òwúrọ̀. Òun pẹ́ dé ìsìn ni, ìdí nìyẹn tí òun fi rí i ní èbúté, ó ń gbé ẹrù gígùn kan tí wọ́n fi aṣọ ìgbòkun wé sínú ọkọ̀. Ẹrù náà gùn tó èèyàn.

Ọ̀rọ̀ yìí mú Kọ́lájọ dúró. Ọmọ ìyá ni wọ́n, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó lè rẹ ẹni tó ní arákùnrin tó dùbúlẹ̀. Ó bá Pétérù ní èbúté, ó ń gbọ́n omi kúrò nínú ọkọ̀.

"Kí lo gbé sínú ọkọ̀ lówùúrọ̀, nígbà tí gbogbo ìlú wà nínú ìsìn?"

"Àwọ̀n ni, Sájẹ́ǹtì. Àwọ̀n tó ya. Igbókọ̀dá ni mò ń gbé e lọ. N kò tíì tú ọkọ̀ tí Arákùnrin Ísákì fi sáré dé, ó ní ẹ̀gbọ́n mi ti sọnù, kí n lọ pe ọlọ́pàá. N kò rántí àwọ̀n mọ́."

"Ibo ló wà?"

Pétérù tọ́ka. "Òun lẹ jókòó lé lórí láti Igbókọ̀dá débí."

Kọ́lájọ tú aṣọ ìgbòkun náà. Àwọ̀n ni lóòótọ́, ojú rẹ̀ ya pẹrẹgẹdẹ. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín sí ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú Pétérù kò jẹ́ kó lè ṣe é.

"Kí ló dé tí o kò wọ yàrá ẹ̀gbọ́n rẹ?"

"N kì í pẹ́ níbẹ̀." Pétérù kò gbé ojú sókè. "Moríkẹ́ mọ ohun tó ń ṣe. Èmi kò mọ nǹkan kan. Mo kàn ń dúró ni, n óò sì jáde."

*

Yàrá tí wọ́n ń kó òwú sí nínú ilé ìhunṣọ ni wọ́n ti Moríkẹ́ mọ́. Obìnrin tí ojú rẹ̀ tutù ni, apá rẹ̀ le bíi ti awakọ̀. Kò sunkún. Kò sì bẹ̀bẹ̀. Kọ́lájọ jókòó sórí ẹrù òwú, ó sì fi èdè Ìlàjẹ kí i kó tó bẹ̀rẹ̀.

"Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ pa á."

"Ẹ kọ́kọ́ rí i ná."

"Wọ́n ní ẹ sọ pé kí wọ́n sọ ọ́ sómi."

"Mo sọ ọ́. Kí ni ẹni tí a bá fi sí ẹ̀gbẹ́ kan láti òwúrọ̀ di alẹ́ yóò dà? Ara rẹ̀ á jẹrà, egbò á sì jẹ ẹ́ dé egungun. Ikú omi yá ju ìyẹn lọ. Ohun tí mo sọ nìyẹn. Ìdí ọ̀rọ̀ ni wọn kò fẹ́ gbọ́."

"Irú ìpín wo ni wọ́n ń fún yín?"

"Ìpín àánú. Nítorí wọ́n ní àánú ni mò ń ṣe, kì í ṣe iṣẹ́." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. "Ẹni tó gbé àwọ̀n ṣiṣẹ́. Ẹni tó gbé èèyàn kò ṣiṣẹ́."

Láìpẹ́ Kọ́lájọ rí i pé obìnrin náà kò fara balẹ̀ mọ́. Ó ń wo ìlà oòrùn tó gba inú àlàfo ògiri wọlé. Ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó tún wo oòrùn.

"Sájẹ́ǹtì, ṣé oòrùn ti kan àtàrí?"

"Ó kù díẹ̀."

Moríkẹ́ mí kanlẹ̀, ó sì tún wo ìlà oòrùn náà.

Ìbéèrè kékeré yẹn ló wọ Kọ́lájọ lára. Ó rántí ìyá rẹ̀ ní Abereke, bó ṣe máa ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ bí oòrùn bá ti dé ibì kan, tí yóò ní, "Ó tó àkókò kí n yí màmá padà." Kò sí ẹni tí í bojú wo oòrùn nítorí òkú. Ẹni tó pa Sólómọ́nì kò tún ní í ronú nípa ìgbà tó yẹ kí wọ́n yí i padà.

"Ta ló ń yí i báyìí?" ni ó béèrè, jẹ́jẹ́.

Ọwọ́ Moríkẹ́ dúró lórí itan rẹ̀.

"Ẹ fẹ́ kí ó di ìrọ̀lẹ́," ni Kọ́lájọ ń bá a lọ. "Ẹ fẹ́ kí gbogbo ìjọ péjọ sí ìpàdé. Ṣùgbọ́n Arákùnrin Ísákì fẹ́ kí n gbé yín lọ kó tó di ìgbà yẹn, ọkọ̀ kò sì lè rin odò Igbókọ̀dá nínú òkùnkùn nítorí kùkùté igi tó wà lábẹ́ omi. Bí ẹ bá sọ ibi tó wà fún mi, ẹ kò ní dé àtìmọ́lé."

"Kí ọkọ̀ gbé mi lọ," ni Moríkẹ́ wí. "Ẹnu mi kọ́ ni ẹ ó ti gbọ́ ọ."

*

Ẹni tó wà láàyè, tí kò lè rìn, nígbà tí ọkọ̀ kankan kò sọnù ní ìlú, kò lè jìnnà. Ilé ẹnì kan ló wà. Ṣùgbọ́n ilé pọ̀ ní Ìrẹ́pọ̀, bí Kọ́lájọ bá sì ń tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ariwo á sọ ohun gbogbo di ìjà. Ó ń rìn lórí afárá pẹ̀lú Ísákì, ó ń rò ó. Wọ́n kọjá lẹ́bàá ilé tí wọ́n ti ń yan ẹja. Èéfín ń jáde níbi ààrò kan ṣoṣo.

Ísákì mi orí. "Ẹ wo bí iṣẹ́ ṣe dúró. Hánà nìkan ló wà nídìí iná. Ohun ìyanu sì ni, nítorí òun ni kì í dúró. Gbogbo ìgbà ni yóò ní òun fẹ́ lọ wo ọmọ òun. Mo ti bá a wí títí. Ṣùgbọ́n lónìí, láti àárọ̀, kò tíì kúrò níbẹ̀."

Kọ́lájọ dúró. "Kí ló ń ṣe ọmọ rẹ̀?"

"Ọlọ́lá? Àrùn rọpárọsẹ̀ ló mú un ní kékeré. Ó ti dàgbà, ó tó ẹni tí í wọ ilé ọkọ, ṣùgbọ́n kò lè dìde. Nígbà kan ó ṣubú lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, díẹ̀ ló kù kí omi gbé e."

"Ta ló máa ń wà pẹ̀lú rẹ̀ bí ìyá rẹ̀ bá wà níbi iṣẹ́?"

"Kò sí ẹnì kan."

"Ta ló wà pẹ̀lú rẹ̀ lónìí?"

Ísákì wò ó. Ó hàn lójú rẹ̀ pé kò rò ó rí. "N kò béèrè," ni ó wí.

"Èmi náà kò ní í béèrè lọ́wọ́ Hánà," ni Kọ́lájọ wí. "N óò lọ wò ó."

*

Òdìkejì odò kékeré ni ilé Hánà wà. Pétérù ló fi ọkọ̀ ọlọ́pọ́n gbé e kọjá. Bí wọ́n ti ń súnmọ́ ibẹ̀ ni wọ́n gbọ́ ohùn obìnrin kan nínú ilé tó ń ní, "Ẹ rọra, Arákùnrin. Ẹ jẹ́ kí n fà á ná."

Àjẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ Pétérù sínú ọkọ̀.

Sólómọ́nì wà lórí ẹní, ìrọ̀rí pupa wà láàárín orúnkún rẹ̀, ìgò àdí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n ta okùn kọjá lórí àjà. Ìpẹ̀kun kan wà lábẹ́ ìdí rẹ̀ tí wọ́n fi aṣọ tẹ́, èkejì wà lọ́wọ́ ọmọbìnrin kan tó jókòó sílẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ nípọn. Ó ń fa okùn náà díẹ̀díẹ̀, Sólómọ́nì sì ń yí sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Òógùn bo àwọn méjèèjì.

"Ẹ káàbọ̀, Sájẹ́ǹtì," ni Sólómọ́nì wí. "À ń retí yín. Ẹ kàn tètè dé jù ni."

Kọ́lájọ jókòó. Ó sọ bó ṣe dé ibẹ̀, láti orí ìrọ̀rí dé orí Hánà tí kò kúrò nídìí iná. Sólómọ́nì fetí sílẹ̀ bí ọkùnrin tó mọyì iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn.

"Òótọ́ ni," ni ó wí. "Hánà ló gbé ọkọ̀ wá, Moríkẹ́ sì fà mí sínú rẹ̀. Èrò tèmi ni. Mo ní kí Moríkẹ́ bá wa wá, ó kọ̀. Ó ní bí kò bá sí ẹni tí wọ́n ń fura sí, wọ́n á ní ẹ̀mí ló gbé mi lọ, wọ́n á gbàdúrà, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Ó ní kí wọ́n ti òun mọ́lé."

"Ẹ rí i bó ṣe ṣeé ṣe pẹ̀lú okùn," ni Kọ́lájọ wí. "Arákùnrin Ísákì lè ní ẹ kò nílò Moríkẹ́ mọ́."

Sólómọ́nì ká aṣọ kúrò ní ìdí rẹ̀. Okùn ti bó o lára, ẹran pupa sì hàn. "Iṣẹ́ àárọ̀ kan ṣoṣo nìyí. Àtẹ́lẹwọ́ Ọlọ́lá náà sì ti bó. Ẹ kà á di ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ sọ ohun tí yóò kù fún mi."

"Ẹ mọ̀ pé mo lè gbé gbogbo yín lọ nítorí wàhálà tí ẹ dá sílẹ̀?"

"Ẹ gbé wa. Kí ẹ kàn jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ níwájú ìjọ."

Nígbà náà ni Sólómọ́nì rí Pétérù lẹ́nu ọ̀nà. "Ìwọ náà ń wá mi?"

"Láti àárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi," ni Pétérù wí.

Kọ́lájọ dìde. Ó ti mọ ohun tó fẹ́ ṣe. "Ẹ jẹ́ ká lọ. A kò ní í dúró de ìrọ̀lẹ́. Pétérù, sọ fún wọn kí wọ́n lu agogo."

*

Nígbà tí agogo dún, àwọn ọkọ̀ yí padà láti ojú omi. Ilé ìjọsìn kún. Nígbà tí wọ́n gbé Sólómọ́nì wọlé lórí ẹní, tí Hánà sì pọn Ọlọ́lá tẹ̀ lé e, gbogbo ìjọ dìde dúró. Kọ́lájọ ní kí wọ́n mú Moríkẹ́ wá, wọ́n sì mú un wá.

Bàbá Olówòkéré, olórí ìjọ, ti dàgbà, ohùn rẹ̀ sì tinrín. "Ọlọ́pàá, ẹ̀ṣẹ̀ wo ni wọ́n ṣẹ̀?"

"Bàbá, mo wá wo ọ̀rọ̀ ìpànìyàn. Kò sí òkú. Ọkùnrin kan lọ kí aládùúgbò rẹ̀ ni, n kò sì mọ òfin tó ní kí èèyàn má lọ."

Sólómọ́nì kò gbé ohùn sókè. "Ẹ̀yin ará mi, mo dẹ́rù bà yín, mo sì tọrọ ìdáríjì. Lónìí, gbogbo ọkọ̀ ìlú yìí dúró nítorí mi. Lánàá, ẹ ní ẹ kò lè yọ̀ǹda obìnrin kan ṣoṣo fún mi nígbà tí mo wà láàyè. Lónìí, ẹ yọ̀ǹda gbogbo ìlú fún òkú mi."

Ísákì dìde. Ojú rẹ̀ pọ́n, ṣùgbọ́n ó sọ̀rọ̀ bí ọkùnrin. "Bí mo bá ka Moríkẹ́ sí òṣìṣẹ́ nítorí ẹnì kan, àwọn yòókù á béèrè. Ta ni yóò hunṣọ? Ta ni yóò yan ẹja?"

"Èmi á ran àwọ̀n," ni Ọlọ́lá wí. Kò tíì sọ̀rọ̀ nínú ilé yẹn rí. "Mo mọ̀ ọ́n ran. Ṣùgbọ́n ẹnì kan gbọ́dọ̀ gbé mi dìde lówùúrọ̀, kó gbé mi jókòó. Bí kò bá sí, orí ẹní ni mo wà títí ìyá mi yóò fi dé."

Bàbá Olówòkéré wo àwùjọ. "Ta ló tún ní irú wọn nílé?"

Ọwọ́ kan gòkè. Òmíràn gòkè. Ìyá kan ní ọmọ òun kò ríran. Ọkùnrin kan ní bàbá òun kò mọ ibi tó wà mọ́, okùn ni òun fi ń so ó mọ́ òpó bí òun bá ń lọ sókun. Ó sọ ọ́, ó sì bo ojú rẹ̀. Ísákì ń wo àwọn ọwọ́ náà, ó mọ gbogbo wọn lórúkọ, ó mọ iṣẹ́ tó fún olúkúlùkù, kò mọ èyí.

"Iṣẹ́ ni," ni Bàbá Olówòkéré wí. "Láti òní lọ, ẹni tó ń tọ́jú èèyàn ní ìpín òṣìṣẹ́, ní kíkún. Ísákì, ìwọ ni kí o máa lọ láti ilé dé ilé, kí o wo ẹni tí kò ní olùtọ́jú, kí o sì wá ẹni fún un."

Ísákì tẹrí ba. "Ó di dandan kí n mọ̀ wọ́n, Bàbá."

Moríkẹ́ kò jókòó. "Ẹ ṣeun, Bàbá. Ṣùgbọ́n èmi kò ní í dá a ṣe mọ́. Ẹ̀yìn mi ń dùn mí. Àwa méjì ni kí a máa ṣe é, kí n lè sinmi."

Ìkùnsínú bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan rò pé ó ti gbà tó. Ó dúró síbẹ̀, ó di ọwọ́ mọ́ra, ó ń wò wọ́n.

"Ẹ kọ́ mi," ni Pétérù wí.

*

Oòrùn ti ń rẹlẹ̀ nígbà tí Kọ́lájọ dé ilé Sólómọ́nì láti wá awakọ̀ rẹ̀. Ó bá Pétérù lórí orúnkún nínú yàrá, Moríkẹ́ dúró lórí rẹ̀.

"Kì í ṣe ibẹ̀," ni Moríkẹ́ ń wí. "Sọ ọwọ́ rẹ sísàlẹ̀ díẹ̀. Abẹ́ ìbàdí. Má fà á. Gbé e."

"Ṣé ó ń dùn yín, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Ó ń dùn mí," ni Sólómọ́nì wí. "Máa ṣe é lọ."

Pétérù rí Kọ́lájọ, ó sì fẹ́ dìde. "Sájẹ́ǹtì, ilẹ̀ ń ṣú. Kùkùté wà lódò."

Kọ́lájọ bọ́ bàtà rẹ̀, ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri.

"N óò sùn níbí," ni ó wí. "Ẹ yí i padà dáadáa."